Ẹ Sọ Igi Náà Lórúkọ Kí Ẹ Tó Gé E

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Accra, àgbálùmọ̀ á yọ lójú títì. Alasa ni wọ́n ń pè é níbí. Lọ́jà Madina, àwọn obìnrin a máa tò ó sórí tábìlì kékeré ní mẹ́rin mẹ́rin tàbí ní márùn-ún márùn-ún. Nítòsí wọn, níbi tí iná pupa ti ń dá ọkọ̀ dúró, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa sáré láti ojú fèrèsé ọkọ̀ kan sí òmíràn, ápù láti Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀rá tó mọ́ tónítóní. Ápù yẹn ní orúkọ. Ó wà lára sítíkà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: Granny Smith, Royal Gala, Golden Delicious. Alasa kò ní sítíkà, kò sì ní orúkọ kankan ju alasa lọ.

Obìnrin kan wà tí mo máa ń ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti ń bá a bọ̀. Ní ọdún kejì ni mo ṣàkíyèsí pé ó ní abọ́ kan tí kì í gbé sórí tábìlì. Abẹ́ tábìlì ló máa ń wà, aṣọ ló sì fi ń bò ó. Mo bi í pé, "Auntie, ti ta ni ìyẹn?" Ó ní ti àwọn oníbàárà òun gan-an ni. Ó ní inú àgbàlá ilé kan ni òun ti ń rà á, orí igi kan ṣoṣo, àti pé láti ọjọ́ tí òun ti ń tà á, kò sí ẹni tí eyín kàn nítorí rẹ̀ rí. Ó mú ọ̀kan fún mi. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti di oníbàárà abẹ́ tábìlì.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, mo dé ibẹ̀, mi ò rí abọ́ náà. Ó ní wọ́n ti gé igi yẹn. Onílé fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé tòmátì ti wọ́n. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni mú ẹ̀ka kankan lára rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀ka ṣe, bí kò ṣe kí wọ́n fi dáná?"

Èmi náà ò bá ti béèrè irú ìbéèrè yẹn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yí mi lọ́kàn padà.

Àgbálùmọ̀ kò ní tán lórí ilẹ̀ lọ́la. Igi rẹ̀ wà káàkiri igbó àti oko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ lọ dé Kamẹrúùnù àti Uganda. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé àgbálùmọ̀ ń parẹ́, ẹ lè rẹ́rìn-ín, kí ẹ nawọ́ sí ọjà. Ohun tó ń parẹ́ ni igi dídùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àgbàlá kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ wa sì rò pé bí igi kan bá lọ, kóró rẹ̀ tó kù lẹ́nu wa tó láti fi gba irú rẹ̀ padà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà mi ni ẹ̀rí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aṣọ ló sì ń tà ní Accra. Ẹni tó bá mọ ìtàn mọ̀ pé bí a bá ka àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní Ghana láyé ìgbà náà, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní gbẹ́yìn. Ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Ìyá àgbà palẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fi sílẹ̀, títí kan gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n igi àgbálùmọ̀ kan wà nínú àgbàlá ilé tí wọ́n háyà, igi tí ó fẹ́ràn púpọ̀. Ó hú ọmọ igi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e sínú agolo mílíìkì pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ Accra, ó sì gbé e lé itan láti inú ọkọ̀ títí ó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Igi náà yè. Ó dàgbà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó so. Ó kan bí ọtí kíkan.

Àwọn ará ilé ní ilẹ̀ ni, ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kò bá a lára mu. Wọ́n da eérú sí i nídìí, wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ sí i, síbẹ̀ ó ń kan. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ní igi náà mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n lé àwọn. Nígbà tí èmi gbọ́njú, àwa ọmọdé kì í ka èso igi yẹn sí ohun jíjẹ. Kóró rẹ̀ la máa ń wá, torí kóró yẹn dára láti fi ta.

Ilẹ̀ kọ́ ló fà á. Igi tó bá hù láti inú kóró ní ìyá, ó sì ní bàbá, bí ọmọ ènìyàn. Kòkòrò ló máa ń gbé àtíkè òdòdó láti orí igi kan lọ sórí òmíràn. Bàbá ọmọ igi inú agolo yẹn lè jẹ́ igi kíkan kan lójúlé kẹta. Ìyá àgbà rò pé òun gbé igi òun lọ sílé. Ọmọ igi náà ló gbé lọ, ọmọ kì í sì í ṣe ìyá rẹ̀.

Àwọn tó ń gbin ápù ti mọ èyí tipẹ́. Bí ẹ bá gbin kóró ápù dídùn kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ gba ápù tí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan lè jẹ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ nínú rẹ̀ ni ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní lílọ́. Ẹni tó bá ti ka orí kọkànlá ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù rántí ẹ̀ka igi ólífì tí wọ́n lọ́ sára igi ólífì mìíràn. Ẹ̀ka igbó ni Pọ́ọ̀lù lọ́ sára igi oko, òun náà sì sọ pé kò bá ìṣe mu. Àgbẹ̀ máa ń ṣe é ní ìdàkejì: á gé ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lára igi dídùn, á lọ́ ọ sára ọmọ igi èyíkéyìí tó ní gbòǹgbò, á fi ọ̀rá dì í pa. Bí wọ́n bá mú ara wọn, gbogbo ohun tó bá yọ lókè ojú ìdè náà, igi dídùn yẹn gan-an ni. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Ẹ wá wo sítíkà ara ápù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Granny Smith: Ìyá Àgbà Smith. Èèyàn gidi ni. Maria Ann Smith ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ni nítòsí Sydney ní Australia. Ní nǹkan bí ọdún 1868, ó rí ọmọ igi ápù kan tó hù fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí èso sí. Èso rẹ̀ dára, ó sì tọ́jú rẹ̀. Ní 1870, ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti ń lọ́ ẹ̀ka igi náà, wọn kò sì dáwọ́ dúró. Gbogbo Granny Smith tó wà láyé lónìí, ara igi kan yẹn ni wọ́n ti wá. Ó ti lé ní 150 ọdún tí obìnrin yẹn ti kú, síbẹ̀ èso igi rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sáré tà lójú títì Madina.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹ lọ sí Somanya tàbí Dodowa, kò jìnnà sí Accra. Oko máńgòrò wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó èso rẹ̀ lọ sókè òkun. Keitt ni orúkọ irú èyí tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Obìnrin ni Keitt náà. Ní ìlú Homestead ní Florida, inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n ti rí igi àkọ́kọ́, láti ara kóró tí wọ́n gbìn ní 1939. Àgbẹ̀ Krobo tí kò dé Amẹ́ríkà rí ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ igi, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí Keitt fi lè dé oko rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n náà ti wà nílẹ̀ wa? Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ igi tà lẹ́bàá títì, láti Accra títí dé Ìbàdàn. Máńgòrò ni wọ́n ń lò ó fún, àti ọsàn àti píà. Bí ẹ bá béèrè àgbálùmọ̀ tí wọ́n lọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní kí ẹ lọ mú kóró.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọ bí a ṣe ń sọ nǹkan oko lórúkọ. Yorùbá tó bá ń ra iṣu mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹfùrù àti òmíràn. Ará Ghana kì í fi pona wé iṣu lásán. Ẹ̀wà ní olóyin, ìrẹsì ní Ọ̀fádà, obì ní àbàtà àti gbànja. Àní èso tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá pàápàá, a sọ ọ́ lórúkọ ìlú wa: ọsàn Agége wà, máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà. Éṣíà ni máńgòrò ti wá, ó sì gba orúkọ ìlú ìyá àgbà mi. Àgbálùmọ̀ tí wọ́n bá bàbá ńlá wa lórí ilẹ̀ kò rí ìkankan gbà. Èyí tó dùn àti èyí tó kan, àgbálùmọ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ́, bí ìgbà tí a bá ń pe gbogbo ọmọ inú ilé kan ní "ìwọ".

Mo ti rò ó títí, ohun tí mo rò pé ó fà á nìyí. Igi tí ìjọba bá lè gba owó orí rẹ̀ ni ìjọba máa ń kọ́ ilé ìwádìí fún. Nígbà tí Tetteh Quarshie mú kóró kòkó láti Fernando Po wá sí Mampong-Akuapem ní 1879, kò tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí ibùdó ìwádìí fi dúró ní Tafo nítorí kòkó nìkan. Àgbálùmọ̀ kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Obìnrin ló ń tà á, ọmọdé ló ń jẹ ẹ́, aboyún ló ń yán hànhàn fún un. A kà á sí ohun ìpanu, a sì kà á sí ohun tí Ọlọ́run ń pèsè. Ta ló ń tọ́jú ohun tí Ọlọ́run ń pèsè?

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé àwọn onímọ̀ sùn. Ilé ìwádìí nípa èso àti ewébẹ̀, tí a mọ̀ sí NIHORT, ti wà ní Ìbàdàn láti 1975. Ibùdó tó ń tọ́jú irúgbìn ìbílẹ̀ wà ní Bunso ní Ghana, ọgbà Aburi tó wà lórí òkè lẹ́yìn Accra sì ti wà láti 1890. Ní 2008, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí ti Amẹ́ríkà gbé apá kẹta ìwé Lost Crops of Africa jáde, èso ni wọ́n fi ṣe, wọ́n sì ka àwọn ìbátan àgbálùmọ̀ mọ́ èyí tó yẹ kí ayé kíyè sí. Ìwé kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ìmọ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì ní Madina. Obìnrin yẹn mọ igi tó dùn, ó mọ ilé tó wà, ó mọ oṣù tó máa ń já bọ́. Irú rẹ̀ wà ní Makola, ó wà ní Bódìjà, ó wà ní Mushin. Ta ló ti bi wọ́n rí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní igi àgbálùmọ̀ tóbi jù fún ilé òde òní. Òótọ́ ni. Igi tó hù láti inú kóró lè ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ó sì lè gba ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó so. Ẹ̀ka tí a lọ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ara igi tó ti gbó ni a ti gé e, a sì lè máa ré e kó má bàa ga. Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù kò sì gbọ́dọ̀ yàn láàárín ṣọ́ọ̀bù àti igi. Kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó jẹ́ kí ẹnìkan gé ẹ̀ka mẹ́wàá kí ẹ̀rọ agégi tó dé.

Àwọn mìíràn á sọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí gbogbo wa bá ń lọ́ igi dídùn kan ṣoṣo, ṣé a ò ní sọ oríṣiríṣi àgbálùmọ̀ di ẹyọ kan? Àrùn kan ṣoṣo lè pa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù yìí tọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ orúkọ, tí mi ò sọ pé ká wá ọ̀kan tó dára jù. Ní Brogdale, ní ẹkùn Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi ápù tí wọ́n ń tọ́jú lé ní 2,000. Èyí tó dára fún jíjẹ wà níbẹ̀, èyí tó kan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọtí náà wà níbẹ̀. Àgbálùmọ̀ kíkan náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó wúlò fún jáàmù àti ohun mímu. Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní mẹ́wàá tó ní orúkọ, kí Ìbàdàn ní ogún, kí Accra ní tirẹ̀, kò sí àrùn tó máa rí gbogbo wọn pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igi ṣì kù. Ní Southwell, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ann Brailsford gbin kóró ápù ní 1809. Lẹ́yìn rẹ̀, alápatà kan ra ilé náà. Bramley ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan wá béèrè ẹ̀ka láti lọ́ ní 1856, Bramley gbà, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ òun ni kó máa jẹ́. Ápù Bramley ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ẹni tó gbìn ín kò sí lára sítíkà. Bí a ò bá sọ igi wa lórúkọ, tí a ò sì kọ ẹni tó gbìn ín sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí owó nínú rẹ̀ ló máa sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ó sì yẹ kí onílé gba owó lórí ẹ̀ka, bí ó ti ń gbà á lórí èso.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ojúlùmọ̀ mi kan ní igi dídùn nínú àgbàlá wọn lọ́nà Aburi. Ọkùnrin kan tó ń tọ́ ọmọ igi tà kọ́ mi pé kí n jẹ́ kí oje ẹ̀ka náà ro, kí n nù ún dáadáa kí n tó dì í, nítorí oje àgbálùmọ̀ kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mẹ́jọ ni mo lọ́. Márùn-ún kú láàárín oṣù kan. Mẹ́ta ti yọ ewé, ẹ̀yìn ewé náà ń dán bíi fàdákà bí ti ìyá rẹ̀. Kò tíì so, mi ò sì lè búra pé ó máa so. Mo bi ìyá onílé pé kí ni ká máa pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi ni, kí la tún fẹ́ máa pè é? Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí lórí fóònù. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló dá, ìyá tó gbin igi náà.

Igi kíkan ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ohun tó ṣe gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ̀ka igi Accra tí ìyá àgbà fẹ́ràn bá wà níbìkan, mo lè gbé e lọ sílé lọ́la, kí n lọ́ ọ sára ọmọ rẹ̀. Mo ti wá ilé náà dé ibi tí wọ́n júwe fún mi. Ilé alájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, gbogbo àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n ti dà kọnkéré sí.

Ẹ̀yin tí igi dídùn ṣì wà ní àgbàlá yín, tàbí ní ti àwọn òbí yín, ẹ ṣì ní àkókò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tiyín lọ́jà, iṣẹ́ tiyín kéré. Bí ọyẹ́ bá dé, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi obìnrin tó ń tà á pé igi ta ni èyí. Kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀.